Ohun èlò àti ilé tó bá ara mu: ẹ kó ìwọ̀n wá, ẹ má kó ẹwà nìkan wá

Olóòtú_Ìjíròrò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́wọ́ iṣẹ́. Ìbéèrè kan ló ń padà wá síbí ṣáá: kí ló dé tí ilẹ̀kùn kan á ṣí fún èèyàn láìronú, tí òmíràn á máa dójú ti gbogbo ẹni tó bá dé ẹnu rẹ̀? Kí ló dé tí àga méjì á jọra lójú tí wọn ò ní jọra ní ìdí? Ẹ jẹ́ ká kó ìdáhùn jọ síbi kan. Ẹni tó bá ní ohun kan dára, kó sọ ohun tó mú un dára. Ẹni tó bá ní ìwọ̀n, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà la ó máa lò, ká kọ ọ́ ní sm kó má bàa gùn. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ló wúlò jù, ẹ má fi bò.

Ẹlẹ́nu_Téèpù

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi ilẹ̀kùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti tètè ń yé èèyàn. Ohun èlò máa ń sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ tó kàn án. Irin gbọọrọ tó yọ síta, tí ìka lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀, "fà mí" ló ń wí. Àwo irin pẹlẹbẹ tí kò ní ibi ìdìmú, "tì mí" ló ń wí. Bí wọ́n bá wá kan irin fífà mọ́ ojú méjèèjì ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé títì nìkan ni ojú kan gbà, irọ́ ni ilẹ̀kùn yẹn ń pa. Don Norman, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó mọ̀ nípa bí ọpọlọ èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, tan ọ̀rọ̀ yìí ká ní 1988 débi pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ títí di òní. Níbi tí ẹ bá ti rí bébà "TÌ" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, iṣẹ́ irin ni wọ́n gbé fún bébà yẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ tú irin fífà kúrò lójú tí a ti ń tì í, kí ẹ kan àwo irin pẹlẹbẹ bíi sm 10 níbùú àti sm 30 lóròó síbẹ̀, kí àárín rẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà 1 sílẹ̀. Etí ilẹ̀kùn tó jìnnà sí híńjì ni kí ẹ kàn án mọ́, ẹ má kàn án sáàárín. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn ní ìdajì ìbú rẹ̀ á lo agbára ìlọ́po méjì ti ẹni tó tì í létí. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn tí wọ́n kan ọwọ́ mọ́ láàárín fi ń wúwo, kì í ṣe pákó ló wúwo.

Ìbú ńkọ́? Àyè tí ara yóò gbà kọjá ni kí ẹ wọ̀n, láti ojú ilẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀ dé férémù òdìkejì. Sm 80 ló kéré jù, 90 ló tura. Ilẹ̀kùn tí pákó rẹ̀ jẹ́ 80 kì í fúnni ní àyè 80, torí nínípọn pákó àti etí férémù ti jẹ lára rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nígbà tí wọ́n bá ń ra ilẹ̀kùn.

Ọwọ́_Òsì

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti títì àti fífà, ẹ jẹ́ kí n fi ti ọwọ́ ilẹ̀kùn roboto kún un. Nǹkan mẹ́ta ló ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà: kí ìka fún un, kí ọrùn ọwọ́ yí, kí àtẹ́lẹwọ́ má yọ̀. Ẹni tí oríkèé ìka ń dùn, ẹni tí ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó gbé ọmọ dání, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ti já lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó gùn, tí a ń tẹ̀ sísàlẹ̀, kò béèrè ju ìwúwo ọwọ́ lọ. Bí a ṣe ń dán an wò: ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ yẹn ṣí i. Bó bá ṣí, ìgbọ̀nwọ́ náà á ṣí i. Àbùkù tirẹ̀ ni pé orí rẹ̀ tó yọ máa ń há apá aṣọ àti okùn báàgì. Ẹ wá èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀ padà sí ara ilẹ̀kùn.

Ìdánwò ẹ̀ṣẹ́ yẹn kan náà ni kí ẹ fi dán ẹnu ẹ̀rọ omi wò, torí ọwọ́ tó ń yí ẹ̀rọ, ọwọ́ tó tutù ni nígbà gbogbo.

Àti pé ẹ má gbàgbé àwa alósì. Àlùmọ́gàjí lásán, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún. Àtàǹpàkò ọ̀tún máa ń ti ojú abẹ méjèèjì pọ̀ bó ṣe ń gé; ti òsì máa ń tì wọ́n yà, aṣọ á wá ká sáàárín wọn dípò kó gé. Bó sì gé, abẹ òkè á ti bo ìlà tí ẹni náà ń tẹ̀ lé. Kì í ṣe pé alósì ò mọ nǹkan gé.

Bíríkìlà_Àgbà

Àtẹ̀gùn. Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ìwọ̀n tó yẹ̀ ní ibòmíràn á kan ni èèyàn lára ni, ti àtẹ̀gùn á gbé èèyàn ṣubú.

François Blondel, ayàwòrán ilé ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fún wa ní ìlànà kan láti nǹkan bí ọdún 1670 sí 1680 tí a ṣì ń lò: gíga àtẹ̀gùn kan lọ́nà méjì, pẹ̀lú ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, kó bọ́ sáàárín sm 60 sí 65. Ìgbésẹ̀ èèyàn ló fi wọ̀n ọ́n. Nínú ilé, ẹ wá gíga sáàárín 15 sí 18, kí ìtẹ́sẹ̀ jẹ́ 27 sí 30.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dé ilẹ̀ òkè jẹ́ sm 300. Ẹ pín in sọ́nà 17, ó di 17.6. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 35.3, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 63, tó wà láàárín 60 sí 65 yẹn, ó ku 27.7, ẹ mú 28 fún ìtẹ́sẹ̀. Àtẹ̀gùn tí a pín gíga rẹ̀ sọ́nà 17 máa ń ní ìtẹ́sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, torí ilẹ̀ òkè fúnra rẹ̀ ni ìtẹ́sẹ̀ ìkẹyìn. Nítorí náà 16 lọ́nà 28, sm 448 ni gbogbo rẹ̀ máa gbà nílẹ̀. Bí àyè bá wà, ẹ pín in sọ́nà 18: gíga á di 16.7, ìtẹ́sẹ̀ 30, yóò gba sm 510. Èyí ni mo fara mọ́ bí àgbàlagbà bá ń gbé ilé náà.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ rèé. Bíríkìlà á wọn gbogbo rẹ̀ lórí kọnkéré òfìfo, á pín in dọ́gba-dọ́gba, inú gbogbo èèyàn á dùn. Lẹ́yìn náà ni táìsì á dé. Ká ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ àti ti òkè gba sìmẹ́ǹtì àti táìsì sm 5, àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀ gba 3. Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ á fi 2 kúrú, ti ìkẹyìn á fi 2 ga. Ìyàtọ̀ sm 4 láàárín wọn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ojú ò lè rí i. Ẹsẹ̀ ló máa rí i. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ méjì péré, ẹsẹ̀ ti há gíga náà sórí, kò tún ní gbé ara rẹ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọ̀kan bá fi sm 1 ju àwọn tó kù lọ, ibẹ̀ ni orí bàtà á ti kọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n láti orí táìsì dé orí táìsì, kódà bí wọn ò bá tíì ra táìsì. Ẹ sáà béèrè bí yóò ṣe nípọn tó.

Irin ìdìmú: nǹkan bíi sm 90 sókè etí àtẹ̀gùn, kó jẹ́ roboto tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 3.5 sí 4.5, kó fi ó kéré tán 4 jìnnà sí ògiri kí ògiri má bàa bó ìka. Ẹ jẹ́ kó gùn kọjá àtẹ̀gùn ìkẹyìn ní bíi sm 30, lókè àti nísàlẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa á mọ̀ láti ibi tí irin ti di gbọọrọ pé ilẹ̀ títẹ́ ti dé. Pákó fẹ̀ǹfẹ̀ tí àwọn kan ń tò lé orí rẹ̀ torí ẹwà kò wúlò: àtẹ́lẹwọ́ á gbé lé e, ìka ò ní lè yí i ká, bẹ́ẹ̀ ìka tó yí irin ká ló ń mú ẹni tó ń ṣubú dúró.

Ọwọ́_Òsì

Ọ̀gá, ti ìta gbangba ńkọ́, níbi tí òjò ti ń rọ̀ sí i?

Bíríkìlà_Àgbà

Kó rẹlẹ̀ sí i, kó sì gbòòrò sí i: gíga 15, ìtẹ́sẹ̀ 33. Ẹ ṣírò rẹ̀, 63 náà ló jẹ́. Kí ìtẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan dagẹ̀rẹ́ síwájú ní ìdajì sm kí omi má bàa dúró. Kí etí rẹ̀ ní àwọ̀ tó yàtọ̀ pátápátá sí ti ara àtẹ̀gùn, ìlà bíi sm 5. Àti ohun kan tí mo kórìíra jù láyé: àtẹ̀gùn ẹyọ kan ṣoṣo láàárín pálọ̀. Ojú ò rí i, ẹsẹ̀ ò retí rẹ̀. Ẹ wó o, kí ẹ fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Ayàwòrán_Ilé

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ lásán. Gíga 1 sí gígùn 12. Sm 30 sókè á gba mítà 3.6 nílẹ̀. Ohun tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, apá ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ò ní ká a, bó bá sì ń bọ̀ nísàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ á gbé e sáré. Lókè rẹ̀, ẹ fi àyè títẹ́ mítà 1.5 sí 1.5 sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn kí kẹ̀kẹ́ lè yí po. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá kan ilẹ̀kùn gbọ̀n-ọ́n, ẹni tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ á máa fi ọwọ́ kan mú táyà, á máa fi èkejì wá kọ́kọ́rọ́.

Káfíńtà_Ojú_Iná

Àga wá kù. Ìwọ̀n tí mo ń fún àwọn ọmọ iṣẹ́: ibi ìjókòó sm 43 sí 45 sílẹ̀, tábìlì 72 sí 75. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ṣe pàtàkì ju ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lọ: 27 sí 30. Bó bá dín, itan á máa kan abẹ́ tábìlì. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, èjìká á gbé sókè bí ẹni tí òtútù ń mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi pákó gbùngbùn sábẹ́ tábìlì kó lè rí bíi pé ó lágbára, ẹ rántí pé abẹ́ pákó yẹn ni itan ń gbà wọlé, kì í ṣe abẹ́ ojú tábìlì.

Jíjìn ibi ìjókòó ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. 40 sí 43 ni. Bí ìdí bá ti kan ẹ̀yìn àga, ó yẹ kí ìka méjì sí mẹ́ta wọ àárín etí àga àti ẹ̀yìn orúnkún. Ẹ wo ẹni tó jókòó sórí àga tó jìn tó 50 dáadáa: etí àga á kọ́kọ́ gún un lẹ́yìn orúnkún, á wá sún síwájú díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á kúrò lára àga, àárín ẹ̀yìn á tẹ̀ kọdọrọ, láìpẹ́ á máa wá ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí tí ẹ ń rí lórí àga ńlá wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, àtúnṣe àṣìṣe káfíńtà ni.

Kí ibi ìjókòó dagẹ̀rẹ́ sẹ́yìn díẹ̀: bí jíjìn rẹ̀ bá jẹ́ 42, kí ẹ̀yìn fi sm 2 sí 3.5 rẹlẹ̀ ju iwájú lọ. Kí etí iwájú ṣe roboto, ẹ má fi í sílẹ̀ ní igun. Ibi tí àga ti ń kú ni oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti igi ìjókòó, torí àwọn èèyàn máa ń fi ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn dúró lórí rẹ̀. Ẹnu igi tó wọnú ihò kó jẹ́ ìdámẹ́ta nínípọn igi náà, kó sì wọlé jìnnà. Ìṣó nìkan ò lè dá oríkèé yẹn dúró. Á kọ́kọ́ máa ró gìgì, lẹ́yìn náà ìṣó á fẹ ihò.

Fún àgbàlagbà, ẹ fi apá sí i, kí apá náà dé etí iwájú. Orí apá ni wọ́n ń tẹ̀ láti dìde. Kí abẹ́ àga ṣófo kí gìgísẹ̀ lè padà sẹ́yìn. Ẹ gbìyànjú láti dìde láì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí ẹ rí i.

Àǹtí_Ìgbọ̀nwọ́

Káfíńtà wa, ẹ ṣeun, àmọ́ ta ni ẹ wọ̀n kí ẹ tó mú 45 jáde? Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan há a yín lẹ́nu. Ní nǹkan bí 1950, Gilbert Daniels, ọmọ ogun òfurufú kan tó ń ṣèwádìí, wo ìwọ̀n ara 4,063 awakọ̀ òfurufú ológun Amẹ́ríkà, oríṣi ìwọ̀n mẹ́wàá lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n ti ń ṣe ibi ìjókòó ọkọ̀ fún "ẹni àárín". Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bọ́ sí àárín nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, apá rẹ̀ á gùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tẹnu mọ́ àga tó ṣeé sún.

Níbi tí kò bá ti ṣeé sún, ìlànà méjì ni: ohun tí ọwọ́ máa nà dé, ẹ fi ẹni kúkurú wọ̀n ọ́n, ohun tí ara máa gba abẹ́ tàbí àárín rẹ̀ kọjá, ẹ fi ẹni gíga àti ẹni tó sanra wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá fi ẹni àárín wọn méjèèjì ti dá ìdajì èèyàn lóró níbi kan, ìdajì yòókù níbòmíràn.

Tábìlì iṣẹ́ ìdáná, wọ́n ń kọ́ ọ ní 90 níbi púpọ̀ láyé. Kò bá gbogbo èèyàn mu. Ẹ dúró, kí ẹ ká ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ wọ̀n láti ilẹ̀ dé abẹ́ ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ yọ 10 sí 15 kúrò. Ìyẹn ni gíga yín. Fún iṣẹ́ tí a ń fi ara tẹ̀, bíi pípo nǹkan, ẹ yọ díẹ̀ sí i. Ìsàlẹ̀ síńkì ni ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ sí, kì í ṣe etí rẹ̀. Síńkì jíjìn tí wọ́n bọ̀ sínú tábìlì 90 ń ba ẹ̀yìn ẹni gíga jẹ́. Àti nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gé ihò ẹsẹ̀ tí gíga rẹ̀ jẹ́ 10, jíjìn rẹ̀ 7 sí 8. Láìsí i, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á kan pákó, ẹni náà á tẹ̀ síwájú láti ìbàdí jálẹ̀ gbogbo iṣẹ́. Pákó kékeré yẹn ni káfíńtà máa ń kọ́kọ́ yọ bí iṣẹ́ bá fẹ́ wọ́n.

Káfíńtà_Ojú_Iná

Àǹtí, mo gbà. 45 jẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àga tí èèyàn kan ṣoṣo á lò, ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀rọ_Wẹ́wẹ́

Ẹ jẹ́ ká kúrò lára, ká lọ sí orí. Sítóòfù elẹ́nu iná mẹ́rin: ẹnu iná wà ní igun mẹ́rin, ìyí mẹ́rin tí a fi ń tàn wọ́n wá tò ní ìlà kan níwájú. Ọ̀nà 24 ni wọ́n lè gbà so wọ́n pọ̀, kò sì sí èyí tí ojú lè mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àwòrán róńdó kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyí, tí ọ̀rá á sì pa rẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Bí wọ́n bá to ìyí ní igun mẹ́rin bíi ti ẹnu iná, tàbí kí wọ́n yẹ ẹnu iná ẹ̀yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí gbogbo wọn tẹ̀ léra láti òsì sí ọ̀tún, kò sí àwòrán tí wọ́n nílò.

Súwíìṣì iná náà rèé. Mẹ́rin lórí àwo kan, tí gbogbo ilé sì ń tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí èyí tí wọ́n fẹ́ á fi tàn. Kí oníná tò wọ́n bí gílóòbù ṣe tò nínú yàrá: ti ẹ̀bá fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ti ẹnu ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Kò gba ju kó pààrọ̀ ibi tí wáyà ń wọ̀ lọ, lẹ́yìn tó bá ti pa iná láti orí bọ́ọ̀dù. Súwíìṣì yàrá, ẹ̀gbẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ wà ni, nǹkan bíi sm 20 sí férémù, 100 sí 110 sílẹ̀. Ẹ má fi í sẹ́yìn ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí.

Ohun tí èèyàn bá tẹ̀, kó fèsì kíá. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ọpọlọ á kà á sí ìṣe ọwọ́ ara rẹ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ láìsí ìró tàbí iná, yóò tún un tẹ̀, ẹ̀rọ á sì gba ìtẹ̀ méjì. Rìmóòtù tí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ jọra kò ṣeé lò lókùnkùn. Ẹ wo àmì kékeré tó yọ lórí 5 fóònù onibọ́tìnnì àti lórí F àti J kọ̀ǹpútà, ìka ló wà fún. Ẹnu USB àtijọ́ ní ojú òkè àti ìsàlẹ̀ tó jọra lóde, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ń gbà wọlé. USB-C tó dé ní 2014 gba méjèèjì, ìyẹn sì parí ìjà.

Àwọ̀: nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 12 kì í dá pupa àti àwọ̀ ewé mọ̀ yàtọ̀ dáadáa. Iná kékeré kan ṣoṣo tó ń yí láti pupa sí àwọ̀ ewé kò sọ ohunkóhun fún wọn. Ẹ fi ipò tàbí àmì kún un.

Amọ̀kòkò_Ìkà

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí jọ́ọ̀gì omi nìkan, torí ó kéré, ó sì kọ́ni ní púpọ̀.

Lítà 2 omi, kílò 2 ni kí a tó ka jọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Bí ọwọ́ ìdìmú bá ṣe jìnnà sí ikùn jọ́ọ̀gì tó, bẹ́ẹ̀ ni ọrùn ọwọ́ á ṣe jìyà tó. Kí ìka mẹ́rin wọ inú rẹ̀: gígùn 9 sí 10, àyè 3 sí 4 láàárín rẹ̀ àti ara jọ́ọ̀gì. Bí àyè yẹn bá kéré, ẹ̀yìn ìka á kan ara rẹ̀, bí ohun gbígbóná bá sì wà nínú rẹ̀, ẹ mọ ìyókù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ṣe ìdìmú korobá náà, ẹrù kan náà ló ń gbé, ṣùgbọ́n ojú ibi tó kan àtẹ́lẹwọ́ kéré, gbogbo ìwúwo á wá sórí ìlà kan. Rọ́bà tí ẹ bá fi bọ̀ ọ́, tó nípọn tó sm 3, kò mú ẹrù fúyẹ́, ó kàn pín in ká ni.

Ẹnu rẹ̀ wàyí. Ohun tó ń mú kí omi ṣàn padà sí ara jọ́ọ̀gì ni etí ẹnu tó ṣe roboto. Omi máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tó bá yí kẹ́sẹ́kẹ́sẹ́, á tẹ̀ lé e dé abẹ́, á kán sórí tábìlì. Bí etí bá mú, tó sì tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, omi ò ní rí ibi lẹ̀ mọ́, á já. Ẹ fi omi kún un dé ìdajì, kí ẹ dà á jẹ́jẹ́, kí ẹ dá a dúró lójijì, kí ẹ wá fi ìka nu abẹ́ ẹnu rẹ̀. Ìka gbígbẹ, iṣẹ́ yege. Ẹ má rà á láì ṣe èyí.

Kẹ́tù tó ní ọ̀nà ọ̀fun: orí ọ̀fun kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹnu ibi tí a ń bu omi sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á ti máa dà láti ọ̀fun kí kẹ́tù tó kún. Ihò kékeré tó wà lórí ìdérí, afẹ́fẹ́ ló ń gba ibẹ̀ wọlé bí omi ṣe ń jáde. Bí ìdọ̀tí bá dí i, kẹ́tù á máa dà á ní gbùgbù-gbùgbù. Ihò kan náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíírò Bic Cristal, tó jáde ní 1950: ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú àti ti òde dọ́gba kí yíǹkì lè máa sọ̀ kalẹ̀. Ara rẹ̀ ní ojú mẹ́fà kó má bàa yí bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Èyí tó wà lórí ìdérí rẹ̀, wọ́n lu ú kí afẹ́fẹ́ lè kọjá bí ọmọdé bá gbé e mì.

Ọwọ́_Òsì

Àwọn kan á ní gbogbo ìwọ̀n yìí ò jẹ́ kí nǹkan rẹwà. Dieter Rams, ayàwòrán ohun èlò tó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní iléeṣẹ́ Braun, ní Jámánì, sọ pé kí ayàwòrán ohun èlò ṣe ìwọ̀nba tó kéré jù. Kí lẹ wí?

Àǹtí_Ìgbọ̀nwọ́

Ó tọ̀nà, àmọ́ wọ́n ti ṣì í lò. Kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ọwọ́ rárá, tí ojú rẹ̀ tẹ́ bí dígí, kò kéré. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹ kó ṣe ló dì lé ẹni tó ń lò ó lórí, kó máa fi ìka wá ibi tí yóò tẹ̀, kó sì máa nu òróró ìka lójoojúmọ́. Ìwọ̀nba Rams ni pé kí ohun tí kò ṣiṣẹ́ kúrò. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ọ̀bẹ ìbó tí iléeṣẹ́ OXO gbé jáde ní 1990: ìdìmú rẹ̀ nípọn, ó dúdú, ó jẹ́ rọ́bà, kò sẹ́ni tó máa ní ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí oríkèé ìka ń dùn ni wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe é, gbogbo ayé ló wá ń rà á.

Ayàwòrán_Ilé

Kí n sọ ti yàrá ní ṣókí. Fèrèsé ní ògiri méjì, kì í ṣe ọ̀kan: Christopher Alexander, ayàwòrán ilé kan, ti tẹnu mọ́ ọn pé yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ méjì wọ̀ ni àwọn èèyàn ń fẹ́ jókòó sí, torí ojú ẹni kejì kì í ṣókùnkùn. Òun náà ló ní báńkóònì tí kò jìn tó mítà 1.8 kò ní rí ẹni lò ó. Ẹ to àga méjì àti tábìlì kékeré sí i kí ẹ rí i bí orúnkún ṣe ń kan irin. Afẹ́fẹ́: bí fèrèsé bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé jìnnà ju nǹkan bí ìlọ́po 2.5 gíga àjà lọ. Bó bá ní ọ̀nà àbájáde ní òdìkejì, ó lè dé ìlọ́po 5. Àjà mítà 3, ìyẹn 7.5 sí 15.

Ilẹ̀ balùwẹ̀ kó dagẹ̀rẹ́ sí ojú ihò omi, sm 1 sí 2 ní mítà kan. Abẹ́ pẹpẹ fèrèsé tó yọ síta, ẹ fa kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, sm 1 níbùú, bíi 2 sí etí. Omi òjò ò lè gun kòtò yẹn kọjá, ibẹ̀ ni yóò ti kán. Ilé tí kò ní in lẹ ń rí ìlà dúdú lábẹ́ fèrèsé rẹ̀.

Fún ibi ìjókòó gbangba, William Whyte, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣèwádìí bí èèyàn ṣe ń lo ìlú, wo àwọn gbàgede New York fún ọdún púpọ̀, ó ní ibi tí ìjókòó bá wà ni èèyàn ń jókòó sí. Àga tó ṣeé gbé kiri ló fẹ́ràn jù. Àwọn èèyàn máa ń sún un díẹ̀ kí wọ́n tó jókòó, kódà bí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ bá dára.

Ẹlẹ́nu_Téèpù

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya yàrá náà sílẹ̀ ní ìwọ̀n gidi, títí kan ibi tí ilẹ̀kùn ń yí gbà. Ẹ fi páálí ṣe tábìlì. Ẹ pe èèyàn márùn-ún tí kò bá yín ṣe é, kí ẹ fún wọn ní iṣẹ́ kan, kí ẹ wá pa ẹnu yín mọ́. Ẹni tó bá ti ń ṣàlàyé ti ba ìdánwò jẹ́. Ọwọ́ wọn ni kí ẹ máa wò: ibi tó bá ti dúró lójú ọ̀nà díẹ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà, kódà bí ẹni náà bá ní kò sí ìṣòro. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tútù, pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ kan, àti nígbà tí iná bá kú.

Ọwọ́_Òsì

Ẹni tó ti ń gbé ilé tí wọ́n ti kọ́ tán ńkọ́, tí kò lè wó nǹkan kan?

Bíríkìlà_Àgbà

Àtẹ̀gùn ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Kó wọn gbogbo gíga rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kọ wọ́n sórí bébà. Èyí tó bá yàtọ̀ ju sm 1 lọ, kó fi téèpù aláwọ̀ ìyeyè sí etí rẹ̀ àti ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Téèpù oníyanrìn ni o, èyí tí bàtà ò lè yọ̀ lórí rẹ̀. Kó fọ etí náà, kó jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ kan gbáko kó tó lẹ̀ ẹ́, kó sì gé igun téèpù ní roboto. Igun mímú ni gìgísẹ̀ ń kọ́kọ́ ṣí, bó bá sì ti ṣí, téèpù fúnra rẹ̀ ló máa gbé èèyàn ṣubú.